Ohùn Tó Ní Ìṣó Lẹ́nu

                                                  Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                  Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                                  Òpópó Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                                  Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Èmi tí ò ń ka lẹ́tà rẹ̀ yìí, èmi tí bàbá mi fi òòlù lé la òpópó mẹ́ta já lọ́sàn-án gangan, tí mo sì sáré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ajá àdúgbò fi jókòó tí wọ́n ń wò mí tìyanu-tìyanu, mo ti gbé ìlú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láàárín oṣù mọ́kànlá. Yàrá tí mo wà báyìí ní fèrèsé mẹ́sàn-án. Bí mo bá sín níhìn-ín, àwọn ọ̀gá tó ń gbé iṣẹ́ fún mi láti òkè òkun a ti kí mi kú ewu kí n tó nu imú. Kò sí ọmọ ọdún méjìdínlógún kankan lábẹ́ ọ̀run tó ń jayé bíi tèmi. Bí o bá pàdé ẹnì kan tó ní òun ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ni, mo kàn yí fìlà padà ni.

Ó dáa. Báwo ni nǹkan? Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà òtútù ti jẹ́ kí wọ́n gbádùn? Àbúrò rẹ obìnrin tó máa ń fi ìka jí ṣúgà mi lá ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù, àbí ṣúgà ti dá a dúró? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ṣì ń rìn bí ẹni tó ru àwo ẹyin kan? Mo kí gbogbo yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àìrí mi. Èmi gan-an, ara mi le, mò ń jẹun, mò ń fọ aṣọ. N kò béèrè bàbá mi. Ṣé o kíyè sí i pé n kò béèrè wọn? Ó dáa, máa kíyè sí i lọ.

Ìwé ni mo fi kọ èyí, n kò fi fóònù ránṣẹ́, nítorí pé mò ń fura. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ò tíì dàgbà, ṣùgbọ́n mo ti mu oògùn náà dé ìsàlẹ̀ ìgò. Mo fura sí fóònù mi, ó máa ń gbóná nígbà tí n kò fọwọ́ kàn án. Mo fura sí Ìyá Onílé. Mo fura sí ọkùnrin yàrá kẹta tó máa ń kọrin ní balùwẹ̀, tí a kì í sì í gbọ́ kí omi dà. Mo tilẹ̀ fura sí awakọ̀ tó máa gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ, nítorí kò wo ojú mi nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wo bàtà mi. Ìdí nìyẹn tí màá fi lẹ àpò ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fura sí jù nínú gbogbo wọn, Jẹ́jẹ́, ìwọ ni. Má tíì gbé ife tíì rẹ sílẹ̀, máa kà á bọ̀.

Kí o lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀, jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ mi ṣe ń lọ, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ ládùúgbò yín pé ńṣe ni mò ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ kiri. Bí mo bá dé ìlú kan, tí wọ́n mú mi lọ wo yàrá, n kì í wo ibùsùn. Ojúhò iná lára ògiri ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Lẹ́yìn náà, màá gbé fóònù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ń búra, kí n lè mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Lẹ́yìn náà, màá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá. Bí ohùn ọwọ́ bá padà wá bá mi, yàrá náà ò ṣeé ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn onílé a máa rò pé mò ń dúpẹ́, wọ́n á ní, "Ó wù ọ́ nìyẹn!" Owó yàrá a sì lọ sókè lójú ẹsẹ̀.

Iléeṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ máa ń gba ohùn àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀: alágbẹ̀dẹ, aránṣọ, ẹni tó ń tún aago ṣe, kí ohun tí wọ́n mọ̀ má baà bá wọn wọ ilẹ̀ lọ. Wọ́n á fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. A kò mọ ara wa. Nọ́ńbà ni gbogbo wa ń jẹ́. Èmi ni Atẹ̀wé Ogójì, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò sì ni Olùyẹ̀wò Keje. Òfin iṣẹ́ náà ò pọ̀. Bí ẹni náà bá ṣe sọ ọ́ ni kí o ṣe tẹ̀ ẹ́, má fi kún un, má yọ níbẹ̀, bó bá wúkọ́, kọ ọ́ pé ó wúkọ́. Ibi tí o kò bá gbọ́, kọ "kò yé mi" síbẹ̀. Wọ́n sì máa ń gé ohùn ẹni tó ń béèrè ìbéèrè kúrò, tó fi jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni wàá bá, ìdáhùn á wá tẹ̀ lé e. Fojú inú wò ó, èmi tí ẹ̀yin ọmọ kíláàsì wa sọ ní Ìlọ́po Mẹ́wàá, torí pé bí ẹja mi bá gùn tó ìka, màá ní ó gùn tó apá, èmi ni wọ́n wá ní kí n má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn! Ìyà ni, ṣùgbọ́n ìyà tó ń sanwó yàrá.

Ìwọ lo fi ìpolówó iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ kejì tí mo kúrò nílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà yẹn. Mo ti ń gba ọpẹ́ náà padà díẹ̀díẹ̀.

Ní ìlú àkọ́kọ́, òkè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo gbé. Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ níbẹ̀ ló ní ariwo ẹ̀rọ ìgẹrun nínú. Ní ìlú kejì, òjò bá mi lójú ọ̀nà, bàtà mi já, mo sì gbé kọ̀ǹpútà sínú ṣẹ́ẹ̀tì mi bí ẹni tó lóyún, obìnrin kan dìde fún mi nínú ọkọ̀. Ní ìlú kẹta, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi wà lábẹ́ fèrèsé mi, títí tí mo fi tẹ̀ "méjì lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rin" sáàárín ọ̀rọ̀ ìyá amọ̀kòkò kan. Olùyẹ̀wò Keje kọ̀wé sí mi pé: "Ṣé ìyá yìí ló ń ṣe ìṣirò, àbí ìwọ?" Jẹ́ ká fò ó, ká wá sí ìlú kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí mo wà yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ tuntun wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: "Ẹni tó ń fi fóòmù àti aṣọ bo àga. Apá kìíní nínú mẹ́fà." Mo ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n so ètè rẹ̀ pọ̀. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìṣó kéékèèké ló wà láàárín ètè rẹ̀, ó ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kàn mọ́ igi àga. Mo sọ fún ara mi pé gbogbo oníṣẹ́ àga tó wà láyé ló ń fi ìṣó há ètè. Kì í ṣe ẹnì kan ló ni ín. Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Òòlù wá dún: kó, kó. Ó dúró. Kó.

Jẹ́jẹ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró bí ẹni tó ń béèrè bóyá ìṣó náà gbà, kó wá fi ẹyọ kan dé e. Ọkùnrin náà sì sọ látàárín ìṣó pé, "Má fojú wá ìṣó kiri, fi àtàǹpàkò gbọ́ ọ." Mo yọ nǹkan náà létí. Mo mu omi. Omi gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ, mo wúkọ́ títí ọkùnrin yàrá kẹta fi dákẹ́ orin.

Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo fi ránṣẹ́. Olùyẹ̀wò Keje dá mi lóhùn pé: "Atẹ̀wé mẹ́ta ti dá èyí padà, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ nìkan lo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Báwo lo ṣe ṣe é?" Mo ní etí mi ni wọ́n fi ń wọn etí àdán. N kò sọ fún un pé láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú ilé tó jẹ́ àwa méjì péré, bí o kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ní ìṣó nínú, wàá kàn máa bá ògiri sọ̀rọ̀ ni.

Bí mo ṣe ń fura, wọ́n ń fura sí èmi náà. Ìyá Onílé ti ń ṣọ́ mi látìgbà tí mo dé. Ọmọkùnrin tí kò jáde, tó gbé kọ̀ǹpútà síwájú, tó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ imú, kí lẹ fẹ́ kí obìnrin rò? Ó ti pinnu pé oní-gbájúẹ̀ ni mí. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ó kan ilẹ̀kùn, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Ọlọ́pàá Àná ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi.

"Ọmọ yìí," Ìyá Onílé ló sọ bẹ́ẹ̀, "ta lò ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kò bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ ni."

"Ò ń gbọ́ kí ni?"

"Bàbá kan tó ń ṣe àga."

Ọlọ́pàá Àná rẹ́rìn-ín, ó fa àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, ó jókòó. Ó rì wọnú àga náà dé ìdajì, torí pé sípíríǹgì rẹ̀ ti kú. "Ọmọ, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọlọ́pàá. Wọ́n ti fi ìyá tó kú purọ́ fún mi, wọ́n ti fi ìyàwó tó ń rọbí purọ́ fún mi. Ti bàbá tó ń ṣe àga yìí, tuntun ni. Gbé e wá."

Apá karùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, n kò tíì gbọ́ ọ rí. Mo fi ẹyọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kan fún ọlọ́pàá, mo fi ìkejì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ara wọn nítorí wáyà náà ò gùn, wọ́n wá dà bí tọkọtaya tó lọ ya fọ́tò.

"Yéè," Ìyá Onílé ní, "eyín ń dun bàbá yìí."

"Ọtí ló mu," àbúrò rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

N kò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Mo kàn gbọ́ òòlù tó ń jò díẹ̀díẹ̀ látinú etí wọn ni, kó, kó, ó dúró, mo sì dáhùn: "Wọn ò mu ọtí, ìṣó ló wà lẹ́nu wọn. Aṣọ ni wọ́n ń fà báyìí. Wọ́n ní ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti igun. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí igun gbẹ̀yìn, torí igun ni alágídí."

Ọlọ́pàá Àná yọ ti etí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wo etí mi ọ̀tún, ó wo òsì. "Kò sí nǹkan kan létí ìwọ báyìí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"'Alágídí' nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo ohun tí bàbá yẹn sọ, òun náà lo sì fi parí ọ̀rọ̀ rẹ. Ta ni bàbá yìí sí ọ?"

"Oníbàárà wa ni, sà."

"Irú oníbàárà wo lèèyàn ń gbọ́ láìfi etí sí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà mi, Jẹ́jẹ́. Èmi! Tí mo lè fún ọ ní èsì méje kí o tó parí ìbéèrè! Ìyá Onílé ló gbà mí. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, kì í ṣe oní-gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àga lẹ jọ ń ṣe níbí látọjọ́ yìí, kí ló dé tí àga tèmi fi rì?" Wọ́n lọ. Ọkùnrin náà yíjú padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé àtẹ̀gùn.

Apá kẹfà wọlé lọ́jọ́ Ajé. Òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ. Ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti gé ìbéèrè kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ tí ìṣó ń bọ́ sínú agolo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tín-ín, tín-ín, tín-ín. Ó yọ gbogbo wọn lẹ́nu. O mọ̀ pé kì í yọ wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí olórí àdúgbò wá kí i, ìṣó ló fi kí i padà. Ohùn tó wá jáde mọ́ gaara, ọmọ ọwọ́ pàápàá lè tẹ̀ ẹ́.

Mo kọ "kò yé mi" síbẹ̀, mo fi ránṣẹ́.

Olùyẹ̀wò Keje dá a padà: "Ibẹ̀ ló mọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Tún gbọ́." Mo ní, "Kò yé mi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́." Ó dá a padà: "Inú ilé ni wọ́n wà. Tún gbọ́." Mo ní, "Kò yé mi, etí ń dùn mí." Ó dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta: "Mu tíì díẹ̀, kí o tún gbọ́. Títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá wọlé nígbà yẹn, wọn ó gé ìṣẹ́jú méjì náà dànù, kò sì ní sí lára ohun tí wọ́n máa fi pamọ́ fún bàbá náà."

Mu tíì! Iléeṣẹ́ wo láyé ló ń bá òṣìṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tíì?

Ibí yìí ni mo ti kó ẹ̀rí mi jọ bí Ọlọ́pàá Àná. Ta ló fi iṣẹ́ yìí hàn mí? Ìwọ. Ta ló lè gbé fóònù wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, tí wọn ò ní lé e? Ìyá rẹ sọ fún mi lórí fóònù níjelòó pé o ti ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ìwọ ò sọ fún mi. A jọ ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan yìí, o sọ ti bọ́ọ̀lù, o sọ ti eyín àbúrò rẹ, o ò sọ ti àpótí tí mo máa ń jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣé ìwọ ló jókòó lé e báyìí? Ṣé o ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, o sì ti rí páálí tí mo fi há a? Má yọ páálí náà.

Èyí tó wá bò ọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá: wọ́n gé ohùn oníbèéèrè, wọn ò gé bó ṣe ń fa tíì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ ọ. Fúúúrù! Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fa tíì bí ẹni tó ń wọ́ tábìlì lórí sìmẹ́ǹtì. Ìyá rẹ ti sọ ọ́, olùkọ́ ti sọ ọ́, èmi náà ti sọ ọ́. Nítorí náà, n kò bi ọ́ bóyá ìwọ lo gba ohùn náà sílẹ̀. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé ṣé ìwọ náà ni Olùyẹ̀wò Keje? Àbí o kàn bá Olùyẹ̀wò Keje sọ̀rọ̀ pé kó gbé e fún Atẹ̀wé Ogójì, kí ọwọ́ mi fúnra mi lè tẹ ohun tí ẹnu mi ò sọ?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé ọdún kan. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, mo sì fi ránṣẹ́. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀:

"Mo ti kọ́ ẹnì kan. Ọmọ mi ni. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń so sípíríǹgì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. (Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.) Kò sí nílé. Ó lọ ṣiṣẹ́. (Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹnì kan ń fa tíì.) Rárá o! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Mo sùn lọ ni. Àga ìyá olùkọ́ ni mò ń bò, oorun ọ̀sán gbé mi, ìṣó mẹ́ta ṣì wà létè mi. Nígbà tí mo jí, kò sí ọmọ, kò sí àpò rẹ̀, kò sì sí ìṣó lẹ́nu mi. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti gbé wọn mì. Mo mu omi, mo jókòó, mò ń dúró de inú rírun títí di ìrọ̀lẹ́. (Ó rẹ́rìn-ín.) Inú ò run mí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ó yọ wọ́n kó tó lọ. Ẹni tó bá ń bínú sí ọ kì í yọ ìṣó lẹ́nu rẹ. Ìdí tí n kò fi wá a nìyẹn. Mo ní kí n jẹ́ kó rìn. (Ó wúkọ́.)"

Mo kọ ọ́ pé ó wúkọ́. Òfin ni.

Wọ́n gé ìbéèrè rẹ kúrò, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí o béèrè. O bi wọ́n bóyá òótọ́ ni pé wọ́n fi òòlù lé mi. Èyí tó wá kù tí mò ń fura sí, tí n kò lè sùn sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tìrẹ mọ́. Ṣé bàbá mi mọ̀ pé èmi ni Atẹ̀wé Ogójì? Ọkùnrin tí kì í yọ ìṣó fún olórí àdúgbò, kí ló dé tó fi yọ ọ́ níbẹ̀ yẹn nìkan, tó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ ọ́ létí? Bí o bá mọ̀, kọ ọ́ ránṣẹ́. Bí o kò bá mọ̀, má bi wọ́n. Màá bi wọ́n fúnra mi.

Bá mi kí àbúrò rẹ, sọ fún un pé mo ti dárí ṣúgà jì í. Bá mi kí onígbàjámọ̀ iwájú ilé yín. Bá mi kí ìyá rẹ dáadáa. Wọ́n sọ fún mi nínú ìpè yẹn pé látìgbà tí mo ti lọ, àwọn kì í kí bàbá mi mọ́, pé àwọn ò lè dárí ji ọkùnrin tó gbé òòlù sí ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, ka ibi tó kàn yìí sí wọn létí, bó bá tilẹ̀ dùn wọ́n láti gbọ́ ọ.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá mi, táǹkì omi ló sì ń wò. Ìlú mẹ́rin ni mo ti gbé. Kò sí ẹni tó ń kí mi bí mo bá sín. Kò sì sí òòlù. Bàbá mi ò lé mi, wọn ò bú mi, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń lọ. Wọ́n sùn sórí àga tí wọ́n ń bò, ẹnu wọn ṣí díẹ̀. Mo ti gbé àpò kọ́ èjìká. Mo rí ìṣó mẹ́ta náà, mo sì bẹ̀rù pé wọ́n á gbé wọn mì, mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka méjì. Mo lè jí bàbá mi nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé bí mo bá jí wọn, wọ́n á ní kí n máa lọ, wọ́n á sì fún mi ní owó ọkọ̀, ojú á sì tì mí láti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe òòlù kan fúnra mi, tí mo ní òun ló lé mi, torí ẹni tí wọ́n lé kò ní láti ṣàlàyé ìdí tó fi ń sá.

Méjì nínú ìṣó náà ló wà nínú àpò ìwé yìí, mo fi bébà dì wọ́n. Kó wọn fún bàbá mi. Ìkẹta wà lábẹ́ bàtà mi òsì. Òun ni mo fi kan okùn rẹ̀ nígbà tó já lójú òjò ní ìlú kejì: lẹ́ẹ̀mejì, mo dúró, ẹ̀ẹ̀kan. Òkúta ni mo lò. Kò tíì yọ.

Èmi ni, ẹni tó ń fura sí ọ, tó sì ń dúró de ìdáhùn rẹ,

Ìlọ́po Mẹ́wàá
(fún òní nìkan, Ìlọ́po Kan)